Virginia Woolf, Vita, àti Ọ̀sẹ̀ Kan ní Ilẹ̀ Faransé

Ní sáà tó kọjá, mo ń fi Yorùbá sọ ìtàn inú ìwé Orlando fún ẹni tí a jọ ń gbé yàrá. Nígbà tí mo sọ ọ́ dé ìdajì, ó ní kí n dúró ná, ṣé ọkùnrin ni Orlando yìí àbí obìnrin? Ẹ̀rín pa mí. Orlando ti sùn ní ọkùnrin, ó ti jí ní obìnrin, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọjá ibẹ̀. “Ó” tí mo ń lò ni kò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi fura. Ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ kọ̀wé nípa obìnrin tó kọ ìwé yẹn, àti obìnrin tó torí rẹ̀ kọ ọ́.

Ọdún 1882 ni wọ́n bí Virginia Woolf ní London. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin ilé ló rán lọ sí Cambridge. Nínú àká ìwé bàbá ni Virginia ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tó mọ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13, láti ìgbà náà sì ni àìsàn ọpọlọ ti ń bá a fínra. Ó fẹ́ Leonard Woolf ní 1912, àwọn méjèèjì sì dá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Hogarth Press sílẹ̀ ní 1917.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1922 ló pàdé Vita Sackville-West níbi oúnjẹ alẹ́ kan. Òǹkọ̀wé ni Vita náà, ọmọ ilé ọlọ́lá, ó sì ti ní ọkọ àti ọmọkùnrin méjì. Virginia fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Nígbà tí ọdún 1925 ń parí lọ, ọ̀rọ̀ wọn ti kúrò ní ti ọ̀rẹ́ lásán, ó ti di ìfẹ́. Ọkọ àwọn méjèèjì mọ̀ sí i.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1928, bàbá Vita kú. Vita nìkan ló bí, ṣùgbọ́n ilé ńlá ìdílé wọn, Knole, kò lè di ti Vita nítorí pé obìnrin ni. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló jogún rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yìí, Virginia ti ń kọ Orlando lọ: ìtàn ọmọ ọlọ́lá kan tó gbé ayé fún ohun tó lé ní 300 ọdún, tó di obìnrin ní Constantinople, tó sì padà wálé wá gba ilé rẹ̀. Vita mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kọ ìwé nípa rẹ̀, àmọ́ kò tíì rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí àwọn méjèèjì wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀rù ń ba Virginia. Tí èèyàn bá wà pẹ̀lú ẹlòmíràn fún ọjọ́ méje gbáko, kò sí ìwà tó lè fi pamọ́ mọ́. Òun àti Leonard sì ti ṣe gbólóhùn asọ̀ díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí ìrìn àjò ọ̀hún. Ní Saulieu, ní ẹkùn Burgundy, wọ́n bá ọjà ọdún pàdé, ó sì ra ẹ̀wù aláwọ̀ ewé kan fún Leonard. Ní Vézelay, òjò àti àrá dé lóru. Vita rò pé ẹ̀rù á máa ba ẹnìkejì òun, ló bá lọ sí yàrá rẹ̀, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ títí tí ìjì fi rọlẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà Leonard kò tètè dé, ọkàn Virginia kò balẹ̀, ó sì tẹ wáyà sí i. Ọ̀sẹ̀ náà parí, ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ṣẹlẹ̀. Kò sú Vita, Vita náà kò sú u.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, Orlando jáde, tòun ti àwòrán Vita nínú rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Radclyffe Hall kọ ìwé The Well of Loneliness, ó sọ̀rọ̀ ìfẹ́ obìnrin sí obìnrin láìfi bò. Ní oṣù Kọkànlá, ilé-ẹjọ́ ní London pàṣẹ pé kí wọ́n run ún. Virginia ti múra láti jẹ́rìí gbè é, ṣùgbọ́n adájọ́ kò gbọ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Orlando. Lójú tèmi, ibi tí Virginia fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sí ló gbà á là: ó sọ ọ́ di àlọ́.

Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè mọ ohun tí iṣẹ́ yẹn gbà á. Arọ́pò-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kì í bo àṣírí, kíá ló ń sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Ó di dandan kó yí i padà níbi tí Orlando ti yí padà, ojú gbogbo òǹkàwé ló sì ṣe é. Lédè tiwa, “ó” ì bá bá a gbé e dé òpin. Ohun tí “ó” àti “wọ́n” máa ń fẹ́ mọ̀ ni ta ló dàgbà, ta la gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún. Àṣírí ọdún mẹ́wàá tó wà láàárín wọn ni ì bá tú, kì í ṣe ti ìfẹ́ wọn.

Ìfẹ́ náà rọlẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ kò tán títí di ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1941, tí àìsàn àtijọ́ borí Virginia, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nínú odò Ouse. Ọdún 1962 ni Vita kú. Ìwé Orlando tí Virginia fi ọwọ́ kọ, tó fún Vita, wà ní Knole lónìí, nínú ilé tí wọn kò jẹ́ kí ó jogún.