Ìtàn Ìgbésí Ayé Henry Maudslay

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1771 ni a bí Henry Maudslay ní Woolwich, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 12, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà ọba, ó ń rọ ẹ̀tù sínú ọta. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn káfíńtà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀dẹ ni ojú rẹ̀ wà. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí wọ́n gbà á síbẹ̀.

Ní ọdún 1789, Joseph Bramah, ẹni tí ń ṣe àgádágodo tí ó ṣòro fún olè láti ṣí, gbà á síṣẹ́. Maudslay gbéyàwó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣílè 30 ni owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ kí ó fi kún un, ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀. Ní ọdún 1797, ó lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Lójú tèmi, ahun Bramah ṣe aráyé lóore.

Nígbà náà, ẹni tí ó bá ṣe bóòtù ni ó ń ṣe nọ́ọ̀tì rẹ̀, nọ́ọ̀tì kan kì í sì í sábà wọ bóòtù mìíràn. Bí a bá tú ẹ̀rọ palẹ̀, a ní láti sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí nọ́ọ̀tì kan bá sọnù, ẹ̀rọ dùbúlẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti tú kẹ̀kẹ́ rí, ẹ fojú inú wò ó!

Léèdì, ẹ̀rọ tí a fi ń yí irin gẹ́, ni Maudslay fi yanjú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1800. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ronú kan gígẹ́ tírẹ́ẹ̀dì lórí léèdì, ṣùgbọ́n irin ni ó fi ṣe tirẹ̀, kì í gbọ̀n. Bí irin ti ń yí, ọ̀pá gígùn onítírẹ́ẹ̀dì kan ń fa ọ̀bẹ lọ ní ìwọ̀n kan náà. Jíà ni ó so wọ́n pọ̀. Bí a bá pààrọ̀ jíà, àlàfo tírẹ́ẹ̀dì yí padà. Ọgbọ́n yìí kan náà ni a fi ń gẹ́ inú nọ́ọ̀tì onímìlímítà lórí léèdì tí a fi íǹṣì ṣe: a ó fi jíà eléyín 127 sí i, nítorí íǹṣì 5 gan-an jẹ́ mìlímítà 127.

Ó bá Marc Brunel ṣe àwọn ẹ̀rọ tí ń ṣe pọ́líì fún ọkọ̀ ojú omi ọba ní Portsmouth. Òtútù mú un nígbà tí ó ń ti ilẹ̀ Faransé bọ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1831. Woolwich ni wọ́n sin ín sí, irin ni wọ́n sì fi ṣe ibojì rẹ̀. Ní ọdún 1841, Joseph Whitworth, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, dá a lábàá pé kí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa lo ìwọ̀n tírẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo.