Ìlà Àwọ̀ Ewé Lójú Ìyàwó Rẹ̀: Ìtàn Henri Matisse

Lọ́sẹ̀ yìí, ayàwòrán kan ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán rẹ̀ kan tí mo wò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1869 ni wọ́n bí Henri Matisse lápá àríwá ilẹ̀ Faransé. Oníṣòwò ọkà ni bàbá rẹ̀. Ó kàwé òfin, ó sì di akọ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà. Nígbà tó di nǹkan bí ọmọ 20 ọdún, àìsàn inú dá a dùbúlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ra àpótí ọ̀dà fún un kó má bàa sú u lórí bẹ́ẹ̀dì. Bó ṣe fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì báyìí, ọ̀rọ̀ lọ́yà parí nìyẹn. Inú bàbá rẹ̀ ò dùn sí i rárá, ṣùgbọ́n ó gba Paris lọ láti kọ́ṣẹ́ àwòrán.

Lọ́dún 1898, ó fẹ́ Amélie. Owó ò sí nílé. Amélie ló ṣí ṣọ́ọ̀bù, tó ń ta fìlà àwọn obìnrin, kí ọkọ rẹ̀ lè ráyè yàwòrán. Nígbà tó di ọdún 1905, Matisse yà á pẹ̀lú àkẹtẹ̀ ńlá lórí, ó fi oríṣiríṣi àwọ̀ kun ojú rẹ̀, ó sì gbé e lọ síbi ìpàtẹ àwòrán ní Paris. Háà! Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ẹranko ẹhànnà ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ká ní èmi ni, mi ò bá ti sinmi. Àmọ́ lọ́dún yẹn kan náà, ó tún ní kí ìyàwó rẹ̀ jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí àkẹtẹ̀, kò sí ẹ̀ṣọ́ púpọ̀. Àwòrán náà ò tóbi, gíga rẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Irun rẹ̀ dúdú bí aró. Apá kan ojú rẹ̀ dà bí àwọ̀ ìyeyè, apá kejì jẹ́ píǹkì. Láàárín méjèèjì, ó fa ìlà àwọ̀ ewé kan láti iwájú orí gba orí imú wá sílẹ̀.

Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i nínú ìwé. Ta ló ní ìlà ewé lójú? Ṣùgbọ́n ẹ fi ìka bo ìlà yẹn, ẹ ó rí i pé ojú náà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Òun ló pín ìmọ́lẹ̀ kúrò lára òjìji, òun ló gbé imú dúró. Ìlà kan ṣoṣo ló ṣe iṣẹ́ tí àwọn mìíràn máa fi ọgọ́rùn-ún ìlà ṣe.

Àwọ̀ yẹn ńkọ́? Tí Yorùbá bá ní ojú ń pọ́n ẹnì kan, ṣé ojú ẹni náà pupa ni? Ìyà là ń sọ, a kàn fi àwọ̀ sọ ọ́ ni. Ohun tí Matisse ṣe nìyẹn. Nínú àwòrán yìí, mo rí obìnrin tó ti fara da nǹkan, tí kò sì bojú wẹ̀yìn.

Lọ́dún 1941, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Matisse. Kò lè dúró pẹ́ mọ́. Ó bá mú sísọ́ọ̀sì, ó ń gé bébà tí wọ́n ti kùn lọ́dà, ó ń fi ṣe àwòrán. Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1954 ló kú ní Nice. Àwòrán Amélie wà ní Copenhagen, ní Denmark, títí dòní.

Ìdí tí mo fi kọ èyí rèé. Ní táàmù tó kọjá, mo ya ìyá mi níbi tó ti ń dín àkàrà. Mo fi àwọ̀ aró kun abẹ́ ojú rẹ̀, torí aago mẹ́rin ìdájí ló máa ń jí. Àwọn kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo bá ká a sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mi gan-an ò tíì rí i. Lálẹ́ òní, màá fi hàn án.