Adéoyè Lambo: dókítà tó ní kí aláìsàn má dá wá



Bí ẹnì kan bá sọ ohun tí kò bá àwọn yòókù lára mu lórí WhatsApp wa, kì í pẹ́ tí ẹlòmíì á fi dáhùn pé kí wọ́n tètè gbé e lọ sí Aró. A ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí. Kò burú, àwàdà ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló sọ Aró di ibi tí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀, kí ló sì ṣe níbẹ̀? Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ni. Kì í ṣe ọmọ ìlú wa, ọmọ Abẹ́òkúta ni, ṣùgbọ́n kò sí ìlú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò kàn.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Ó kàwé ní Baptist Boys' High School l'Abẹ́òkúta, ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Birmingham, lẹ́yìn náà ó lọ sí London láti kọ́ nípa ìtọ́jú àrùn ọpọlọ.

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn. Ilé tí ìjọba òyìnbó kọ́ fún àwọn alárùn ọpọlọ, bíi ti Yábàá, ibi ìhámọ́ ni ju ibi ìtọ́jú lọ. Ti Lántòrò l'Abẹ́òkúta gan-an, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn kan nílé náà, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ nípa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán. Tí wọ́n bá ti mú ènìyàn lọ báyìí, ẹbí á padà sílé, wọ́n á máa sọ fún àlejò pé ó rìnrìn àjò.

Ọdún 1954 ni Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró. Ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ kò tíì parí. Ẹlòmíì ì bá jókòó kó máa retí kọ́ńtírákítọ̀. Lambo ní tirẹ̀ lọ bá àwọn ará abúlé tó yí Aró ká pé kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn òun. Alárùn ọpọlọ ni mò ń wí o! Ẹ fojú inú wò ó pé ẹnì kan wá bẹ ìlú wa báyẹn lónìí. Ṣé a ò ní pe ìpàdé pàjáwìrì?

Àwọn ará abúlé gbà. Owó háyà ń wọlé fún wọn, ilé ìwòsàn yá wọn lówó láti fi kún ilé wọn, wọ́n bá wọn ṣètò omi àti ṣáláńgá, wọ́n sì bá wọn gbógun ti ẹ̀fọn. Ẹ̀yin àgbà wa nínú ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí ibẹ̀ yẹn. Ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ló gbé omi wọ abúlé.

Òfin kan wà níbẹ̀: aláìsàn ò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ì báà jẹ́ ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí. Onítọ̀hún ló máa se oúnjẹ fún un, tó máa fọ aṣọ rẹ̀, tó máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tó sì máa mú un padà sí abúlé lọ́sàn-án. Ẹ má rò pé Lambo kẹ̀yìn sí ìtọ́jú òyìnbó o. Wọ́n ń gba oògùn, àwọn kan sì ń gba ìtọ́jú tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ṣe. Àmọ́ tó bá di ọ̀sán, wọ́n á padà sáàárín èèyàn. Ẹni tó lè ṣiṣẹ́ oko á lọ sóko, ijó á wà, eré á wà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà ò parí sínú ọgbà ilé ìwòsàn, wọ́n ń tẹ̀ lé aláìsàn dé abúlé ni.

Ó tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́. Àwọn dókítà kan ò fara mọ́ ìyẹn rárá. Lójú Lambo, ẹni tó gbà pé ọwọ́ ayé ló wà nídìí àìsàn òun, tí dókítà bá fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, abẹ́rẹ́ nìkan ò lè fi í lọ́kàn balẹ̀.

Èmi o, ọ̀rọ̀ ẹbí yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Àwa máa ń gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn tàbí ilé àdúrà, tá a bá ti san owó àkọ́kọ́ tán, a ò ní gbé fóònù mọ́. Ọjọ́ tó bá padà wálé, gbogbo àdúgbò á máa sá fún un, torí pé kò sí ẹni tó rí i nígbà tí ara rẹ̀ ń yá. Ìyá tó bá ọmọ rẹ̀ wá sí Aró ń rí i lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá jọ padà sílé, òun fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí pé ọmọ òun ti sàn. Ta ló máa já ìyá nírọ́?

Ìjà mìíràn tún wà tó jà. Lọ́dún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí dókítà òyìnbó tó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, J. C. Carothers, kọ. Ó ní ọpọlọ ọmọ Áfíríkà kì í lo iwájú orí dáadáa, ó sì ní ìbànújẹ́ ọkàn tó ń di àìsàn ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Lambo ò gbà, ó kọ̀wé ta ko èrò náà. Lọ́dún 1961 ó kó àwọn dókítà ọpọlọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ sí Abẹ́òkúta. Òun àtàwọn olùwádìí láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà tún jọ ṣèwádìí láàárín àwọn Yorùbá, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé àmì ìbànújẹ́ ọkàn yẹn wà lára àwọn èèyàn wa dáadáa, bí kò tilẹ̀ ní orúkọ kan pàtó lédè wa. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn: nígbà tó di 1973, Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àjọ kan náà tó tẹ ìwé Carothers o! Ibẹ̀ ló wà títí di 1988.

Kó tó lọ síbẹ̀, òun ni ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn láti 1968 sí 1971. Èmi tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ò lè fo ìgbà yẹn dá. Ọjọ́ 1 oṣù Kejì, ọdún 1971 ni ìbọn ọlọ́pàá pa Kúnlé Adépéjú, akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pẹ̀tù sọ́kàn tó dàrú, ọgbà tirẹ̀ ò rí ìpẹ̀tù lọ́jọ́ yẹn.

Lambo kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, ọdún 2004. Aró ṣì wà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ìtọ́jú ọpọlọ níbẹ̀. Àmọ́ títí tó fi kú, òfin wèrè tó ti wà látìgbà òyìnbó, tó mú ìhámọ́ ṣáájú ìtọ́jú, la ṣì ń lò ní Nàìjíríà. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari tó buwọ́ lu òfin tuntun. Ó ku oṣù méjì péré kó pé ọdún mọ́kàndínlógún tí Lambo ti lọ.