Blaise Diagne: aṣòfin tó gba ẹ̀tọ́ fún sójà dúdú, tó sì kó wọn lọ ojú ogun

Ẹni tó bá ti wọ bàálù dé Dakar láti òpin ọdún 2017 ti rí orúkọ Blaise Diagne, nítorí òun ni wọ́n fi sọ pápákọ̀ òfurufú tuntun tó wà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò wa ń gba ibẹ̀ kọjá, wọn kì í sì í béèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kàn wá o. Ní 1918, òun ló gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba Faransé pé sójà dúdú àti ìdílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí èrè iṣẹ́ ogun. Lọ́dún yẹn kan náà, ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Áfíríkà wọ iṣẹ́ sójà, àwọn ọmọ Dàhòmì sì wà nínú wọn.

Erékùṣù Gorée, tó kọjú sí Dakar, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 1872. Alásè ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ìdílé ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Crespin ló gbà á tọ́, tó sì fi í sí ilé ẹ̀kọ́. Ní nǹkan bí 1892 ó wọ iṣẹ́ oníbodè, tí gbogbo wa ń pè ní dùwáànì. Ilẹ̀ Dàhòmì níbí ni wọ́n kọ́kọ́ rán an wá, lásìkò tí Faransé ń bá Ọba Béhanzin jagun. Láti ibí ó lọ sí Kóńgò, Réunion, Madagascar, títí dé Guyane. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kò gbà kí ẹnikẹ́ni torí àwọ̀ ara rẹ́ ẹ jẹ.

Ìlú mẹ́rin wà ní Sẹ̀nẹ̀gàl nígbà náà tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń dìbò yan aṣòfin sí ilé ìgbìmọ̀ ní Paris: Dakar, Gorée, Saint-Louis àti Rufisque. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1914 wọ́n yan Diagne. Òun ni ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó nílé ìgbìmọ̀ yẹn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ogun bẹ́ sílẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ ti hàn nìyí. Àwọn ọmọ ìlú mẹ́rin yìí ń dìbò lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ òyìnbó kò gbà pé ọmọ Faransé ni wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ jagun, àárín àwọn tirailleurs ni wọn yóò wọ̀, níbi tí owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì ti kéré sí ti sójà òyìnbó. Diagne ní kí wọ́n gba àwọn ènìyàn òun sínú iṣẹ́ ológun Faransé gan-an. Òfin ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá 1915 fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 1916 dé, tó sọ pé ọmọ Faransé ni ọmọ ìlú mẹ́rin náà àti àtọmọdọ́mọ wọn. Èmi kò tíì rí òfin kúkúrú mìíràn tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò kọjá ìlú mẹ́rin. Ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́, ẹrú òfin ni wọ́n ṣì jẹ́: ọ̀gá òyìnbó lè jù wọ́n sẹ́wọ̀n láìdé ilé ẹjọ́, wọ́n ń san owó orí, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà tipátipá. Nígbà tí Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọkùnrin láti abúlé, àwọn ará Ọ̀họ̀rí kọ̀ jálẹ̀, wọ́n gbé ohun ìjà. Àwọn ará Kétu ń kó ẹrù sá gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ lọ sí ilẹ̀ Nàìjíríà, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Van Vollenhoven tó jẹ́ gómìnà àgbà ní Dakar kọ̀wé sí Paris pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, pé ilẹ̀ náà ti rẹ̀.

Clemenceau kò gbọ́. Diagne ló pè ní oṣù kìn-ín-ní 1918, ó sì fi í ṣe aṣojú ìjọba tí ipò rẹ̀ bá ti gómìnà àgbà dọ́gba. Van Vollenhoven fi ipò sílẹ̀, ó padà sójú ogun, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù keje ọdún náà.

Diagne kò gbà láti lọ lọ́wọ́ òfo. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní 1918 ìjọba fọwọ́ sí àwọn àṣẹ kan. Ìyà tí ọ̀gá òyìnbó ń fi jẹ ènìyàn láìsí ẹjọ́ kò ní kan sójà àti ìdílé rẹ̀ mọ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ yóò máa gba owó ìrànlọ́wọ́. Bó bá ti ogun dé, wọn yóò fi àwọn iṣẹ́ ìjọba kan pa mọ́ fún un. Akọni tó gba àmì ẹ̀yẹ lè di ọmọ Faransé. Wọn yóò sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Dakar.

Ìwé wọ̀nyí ló gbé káàkiri, pẹ̀lú àwọn ọ̀gá sójà dúdú tí àmì ẹ̀yẹ ń dán láyà wọn. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan, 63,000 ọkùnrin ni wọ́n kọ orúkọ wọn. Bí a bá fi ti Áfíríkà Àárín Gbùngbùn kún un, ó lé ní 77,000.

Ogun parí ní oṣù kọkànlá. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn dúró lóòótọ́, àmọ́ èyí tó pọ̀ nínú ìlérí tó kù kò dé abúlé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló di ọmọ Faransé. Èyí tó dé kíákíá ni àṣẹ ọjọ́ 30 oṣù keje 1919, pé lọ́dọọdún, ogun wà tàbí kò sí, wọn yóò máa kó ọ̀dọ́ fún iṣẹ́ sójà ọdún mẹ́ta.

Ọmọ Àjàṣẹ́ kan, Kojo Tovalou Houénou, kò lè dákẹ́. Ní 1924 ìwé ìròyìn rẹ̀, Les Continents, kọ ọ́ pé Diagne gba owó lórí orí sójà kọ̀ọ̀kan. Diagne gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ó sì jàre. Kò pẹ́ tí ìwé ìròyìn náà fi kú. Lamine Senghor, sójà tí gáàsì olóró bà jẹ́ lójú ogun ní 1917, wà lára àwọn tó jẹ́rìí lòdì sí Diagne. Ohun tó ń dun òun ni pé sójà òyìnbó tó fara gbọgbẹ́ ń gba owó tó ju ti sójà dúdú lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ ìbọn kan náà ló bà wọ́n. Ó kú ní 1927.

Èmi kò gbà pé Diagne ta ènìyàn. Ohun tí mo rí ni pé ó mọ bí a ti ń gba òfin, àmọ́ nígbà tó yẹ kó dúró ti òfin náà, ìjọba ló dúró tì. Ní 1930 ó lọ gbèjà Faransé ní Geneva lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tipátipá. Ní 1931 wọ́n fi í ṣe igbákejì mínísítà fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ Faransé. Ó kú ní Cambo-les-Bains ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún 1934, ó ṣì jẹ́ aṣòfin.

Ọ̀rọ̀ owó kò bá a kú. Ní oṣù kejìlá 1959, nígbà tí òmìnira ku díẹ̀, òfin ìnáwó Faransé kan sọ pé owó ìfẹ̀yìntì àwọn sójà ilẹ̀ wọ̀nyí kò gbọdọ̀ lọ sókè mọ́. Ti òyìnbó ń ga, tiwọn dúró síbi tó wà. Sójà àtijọ́ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl kan pe ìjọba lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ ìjọba ní Paris sì dá a láre ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2001. Ní 2007 apá kan owó náà bá ti òyìnbó dọ́gba. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2011 ni ìyókù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí gbogbo àwọn tí Diagne kọ orúkọ wọn ní 1918 ti wà lábẹ́ ilẹ̀.