Jacob Kehinde Coker ti Agége

Àwọn ènìyàn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n fẹ́ràn láti máa ṣa owó bébà àtijọ́ jọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti ń ṣa sítáǹpù lẹ́tà jọ. Owó ilẹ̀ Rọ́ṣíà láyé àwọn ọba wọn tí à ń pè ní Tsar ni púpọ̀ nínú wọn ń wá kiri: owó 100 rúbù ti 1910 tí àwòrán Ọbabìnrin Catherine wà lára rẹ̀, àti 500 rúbù ti 1912 tí ó ní àwòrán Ọba Peter. Ṣùgbọ́n owó bébà àtijọ́ kan wà tí ó sún mọ́ ilé wa ju ìwọ̀nyẹn lọ. Òun ni èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ tẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1916, tí a ya igi ọ̀pẹ sí lára. Ìtàn owó yìí kò lè yé wa dáadáa bí a kò bá mọ̀ nípa àwọn tí wọ́n ná an. Nítorí náà ni mo ṣe mú ọ̀kan nínú wọn, J. K. Coker ti Agége.

Ní 1866 ni a bí Coker. Ìbejì ni, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ Kẹ́hìndé ti fi hàn, ọmọ Ẹ̀gbá sì ni. Owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná ní àkókò náà. Ogójì ẹyọ ni wọ́n máa ń sín sórí okùn kan, 20,000 ni ó sì wà nínú ọ̀kẹ́ kan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ronú bí ẹrù náà ti pọ̀ tó: ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo tó ẹrù fún alágbára ọkùnrin. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọjà púpọ̀ ní ìlú òkèèrè ní láti wá àwọn tí yóò bá a ru owó rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni fàdákà Gẹ̀ẹ́sì ń ti Èkó wọ inú ilẹ̀. Nígbà tí Coker fi di gende, ṣílè, sísì àti tọ́rọ́ ti gba ipò owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Èkó.

Iṣẹ́ òwò ni Coker kọ́kọ́ ṣe ní Èkó, kí ó tó fi ojú sí oko ṣíṣe ní Ìfàkò lẹ́bàá Agége. Èyí ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, nítorí ẹni tí ó bá ti mọ̀wé ní ìgbà náà, iṣẹ́ akọ̀wé tàbí iṣẹ́ òwò ni wọ́n ń retí pé kí ó ṣe. Coker fi ọkọ́ àti àdá lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́, ó gbin kòkó, ó gbin obì. Ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn gba Agége kọjá, kò sì ṣòro láti kó kòkó lọ sí etíkun, tàbí láti fi obì ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn Gàm̀bàrí tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ọdún 1901 ni ìjà kan dé inú ìjọ St. Paul's ní Breadfruit, Èkó, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell mú James Johnson kúrò níbẹ̀. Inú bí àwọn ọmọ ìjọ. Púpọ̀ nínú wọn jáde, wọ́n sì dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀. Coker wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ohun tí ó jẹ́ ìyanu ni pé Johnson fúnra rẹ̀, ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ jà, kò bá wọn lọ. Ìjọ tuntun náà kò ní òyìnbó kan lẹ́yìn tí yóò máa fi owó ránṣẹ́ sí i. Owó kòkó àti obì Agége ni ó gbé e ró.

Ní 1907 ni àwọn àgbẹ̀ ńlá Agége dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, Coker sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Lójú tèmi, ohun tí ó tóbi jù tí wọ́n ṣe ni ti àwọn lébìrà wọn. Láti Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Oǹdó àti Ìbàdàn ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń wá gba iṣẹ́ ní Agége, nítorí owó sílífà tí wọ́n máa gbà. Bí wọ́n ti ń gba owó ni wọ́n ń kọ́ bí a ti ń tọ́jú kòkó, bí a ti ń fọ́ ọ àti bí a ti ń sá a. Nígbà tí wọ́n bá ń padà sílé, wọ́n a mú èso kòkó lọ, àwọn mìíràn a sì mú ẹ̀sìn Ìjọ Áfíríkà lọ pẹ̀lú. Ṣílè tí wọ́n mú lọ ti tán tipẹ́. Kòkó tí wọ́n gbìn kò tán.

Ogun Àgbáyé Kìíní sọ fàdákà di ọ̀wọ́n. Láti 1912 ni Ìgbìmọ̀ kan ti wà tí ń ṣe owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Nígbà tí fàdákà kò tó mọ́, Ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí tẹ owó bébà: ṣílè méjì, ṣílè mẹ́wàá àti ogún ṣílè. Ní 1918 ó tẹ bébà ṣílè kan pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ ẹ rárá. Inú ìkòkò tí a rì mọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́jú owó sí. Ikán kì í jẹ fàdákà, ṣùgbọ́n bébà jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Òjò kì í ba fàdákà jẹ́, iná àjà kì í jó o di eérú. Ẹni tí kò mọ̀wé kò sì lè fi ọwọ́ kan bébà kí ó mọ iye tí ó jẹ́. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́jà kò gba owó yìí láìjẹ́ pé wọ́n yọ díẹ̀ kúrò nínú iye tí a kọ sí i lára. Àwọn òyìnbó kan pe èyí ní àìlajú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1917 ni ìjọba Tsar wó ní Rọ́ṣíà, láìpẹ́ ọjọ́ sì ni àwọn tí wọ́n ti kó bébà olórí Catherine àti Peter pa mọ́ rí i pé kò ra búrẹ́dì mọ́.

Owó bébà tiwa kò kú ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní 1920 ni owó onídẹ bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò fàdákà, wọ́n sì kó àwọn bébà kéékèèké kúrò nílẹ̀. Ohun tí ó pa Agége lára ni iye owó kòkó, tí ó ti ga sókè lẹ́yìn ogun, ṣùgbọ́n tí ó já wálẹ̀ lójijì ní ìparí 1920 àti ní 1921. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti gba lébìrà púpọ̀, tí wọ́n sì ti fi ọkàn tán owó ọdún tí ń bọ̀, bọ́ sínú gbèsè. Ọrọ̀ Coker kò padà sí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ Agége pàápàá kò gba kòkó tó ti Oǹdó àti Ìjẹ̀ṣà, obì sì wá borí kòkó níbẹ̀. Síbẹ̀ Coker kò fi iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀.

Ó kú ní 1945. Ní 1959 ni owó Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gba ipò owó Ìgbìmọ̀ náà, náírà sì dé ní 1973. Ilé àti ilé-iṣẹ́ ni ó kún ibi tí oko wà tẹ́lẹ̀, láti Ìkẹjà títí dé Ìfàkò. Bébà mímọ́ tí kò tíì ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá ni àwọn tí ń ṣa owó jọ máa ń san owó gọbọi lé lórí. Èyí tí àwọn lébìrà fi òógùn gbà, tí wọ́n ká sí etí aṣọ gbé rìn lọ sí Èkìtì, ti gbó, ó ti ya, Ìgbìmọ̀ sì ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀ padà, ó ti sun ún.