Heinrich Schliemann àti Ìlú Troy

Ní ọdún 1822 ni a bí Heinrich Schliemann ní Neubukow ní ilẹ̀ Jámánì. Àlùfáà ìjọ ni bàbá rẹ̀. Ní Kérésìmesì ọdún 1829, bàbá rẹ̀ fi ìwé ìtàn ayé kan tí a kọ fún àwọn ọmọdé ta á lọ́rẹ. Nínú ìwé náà ni ọmọ ọdún méje yìí ti rí àwòrán Troy, ìlú tí Homer, akéwì ilẹ̀ Gíríìsì, ròyìn ogun rẹ̀. Iná ń jó ìlú náà nínú àwòrán, ṣùgbọ́n odi rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà kò fi gbà pé ó lè parẹ́ ráúráú. Ó pinnu pé òun yóò hú u jáde bí òun bá dàgbà.

Bí Schliemann ti ròyìn rẹ̀ nìyí nígbà tí ó ń kọ ìtàn ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan kò gbà á gbọ́ tán, nítorí ọkùnrin náà fẹ́ràn àbùmọ́ púpọ̀.

Ìṣẹ́ kò jẹ́ kí ó kàwé jìnnà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí ó di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, tí ó ń ta ẹja, iyọ̀ àti wàrà. Nígbà tí ó ṣe, ó dé Amsterdam, ó sì kọ́ èdè lóríṣiríṣi níbẹ̀. Èdè Rọ́ṣíà tí ó gbọ́ ni ó sọ ọ́ di olówó, nítorí òun ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ rán lọ bá wọn tajà ní St. Petersburg ní ọdún 1846. Aró ni olórí ọjà rẹ̀.

Nígbà tí owó dé, ó kọ òwò sílẹ̀, ó sì dé ilẹ̀ Tọ́kì ní ọdún 1868. Frank Calvert, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń gbé níbẹ̀, ni ó fi yé e pé inú òkìtì Hisarlik ni Troy wà. Ìyìn tí ó tọ́ sí Calvert kò sì tó o lọ́wọ́ rárá. Ní ọdún 1871, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ìlú tí ó wà nínú òkìtì náà kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ọ̀kan ti ń wó ni a ń kọ́ òmíràn lé àlàpà rẹ̀, títí wọ́n fi di mẹ́sàn-án. Schliemann rò pé ìlú tí Homer sọ yóò wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, ó gbẹ́ yàrà ńlá kan la òkìtì náà já, ó sì ń wó ohun tí ó bá wà lókè dànù.

Ní ọdún 1873, ó kan wúrà: adé, yẹtí, àti ìlẹ̀kẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó pè é ní ìṣúra Priam, ọba Troy. Ó yọ́ ọ kó jáde kúrò nílẹ̀ Tọ́kì; ìjọba pè é lẹ́jọ́, ó sì san owó kí ọ̀rọ̀ náà tó parí.

Ní ọdún 1890, òun àti Wilhelm Dörpfeld, tí ó ní sùúrù jù ú lọ, rí ìkòkò amọ̀ ní ìpele kẹfà láti ìsàlẹ̀, irú èyí tí Schliemann ti hú ní Mycenae ní ilẹ̀ Gíríìsì ní ọdún 1876. Èyí fi hàn pé ìpele tí wúrà náà ti jáde ti pẹ́ jù fún ogun Troy. Lónìí a mọ̀ pé ó fi ohun tí ó ju 1,000 ọdún ṣáájú rẹ̀. Òkè ni ìlú tí ó ń wá wà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó sì ti kó dànù pẹ̀lú erùpẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni ó kú ní Naples. Dörpfeld ni ó padà sí Hisarlik ní ọdún 1893, tí ó hú odi ìpele kẹfà jáde.