Dókítà Jeanette Troup àti Ibà Lásà

Ẹ̀yin ará kíláàsì mi, ẹ jẹ́ n bi yín: ta ló mọ Dókítà Jeanette Troup? Èmi náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ó ń ṣe dókítà ní ọsibítù àwọn míṣọ́n ní Jos. Ní January 1969, wọ́n gbé nọ́ọ̀sì kan, Laura Wine, wá síbẹ̀ láti ìlú Lassa ní apá Borno. Ibà mú un, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dégbò, kò lè gbé oúnjẹ mì. Kò pẹ́ tó fi kú. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, kó o, òun náà kú. Ẹnì kẹta, Penny Pinneo, ni wọ́n gbé lọ sí New York, orí kó o yọ. Inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni àwọn onímọ̀ ní Yale ti rí fáírọ́ọ̀sì tuntun, wọ́n sì fi orúkọ ìlú Lassa pè é.

Ọdún kejì, ibà yìí tún bẹ́ sílẹ̀ ní Jos. Dókítà Troup ti rí bó ṣe ń pa èèyàn, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń la òkú láti mọ ohun tí àrùn náà ń bàjẹ́ nínú ara. Bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni ọ̀bẹ gé e lọ́wọ́. Ó kú ní February 18, 1970. Lọ́dún yẹn náà ni ìròyìn àkọ́kọ́ lórí àrùn náà jáde. Orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́rin tó kọ ọ́. Àwọn onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì láti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó wádìí àjàkálẹ̀ ti Jos yẹn.

Kí ló dé tí ibà yìí ṣòro ṣẹ́gun bẹ́ẹ̀? Púrótéènì kan wà lára fáírọ́ọ̀sì náà tó fi ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì wa. Ẹ̀ka mẹ́ta ló para pọ̀ di ọ̀kan, okùn ṣúgà 11 ló sì wà lára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: gbogbo ẹ̀ jẹ́ 33. Sẹ́ẹ̀lì tiwa gan-an ló ń so ṣúgà yẹn mọ́ ọn. Nítorí náà àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa ò tètè dá a mọ̀. Ó dà bí olè tó wọ yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé wa: géètìmáànù á kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń yẹ ṣúgà yẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ ibi tí kò bò, kí abẹ́rẹ́ àjẹsára lè kọlu ibẹ̀.

Títí abẹ́rẹ́ yẹn á fi dé, ẹ de gààrí yín dáadáa, ẹ má sá a sí ẹ̀bá títì. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté ló ń gbé ibà náà wọ oúnjẹ.

Dókítà lèmi náà fẹ́ ṣe. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ yẹn, mo bi ara mi bóyá mo lè mú un lọ́wọ́. Mi ò tíì rí èsì.